Ọwọ́ Tó Ń Bo Àṣìṣe

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin awakọ̀ òfurufú kan jókòó sí àga ọ̀tún, ojú kọ́kọ́ tì í fún bàbá arúgbó tó wà ní àga òsì. Irun bàbá ti funfun tán, gíláàsì ojú rẹ̀ sì ń yọ̀ sórí imú. Ibi tí wọ́n jókòó sí kì í fò. Wọ́n kàn ṣe yàrá náà bí iwájú ọkọ̀ òfurufú fún ìdánwò ni. Lẹ́yìn wọn, ìyá olùdánwò gbé pépà lé orúnkún.

"Bá bàbá ṣe igbá-kejì," ni ìyá náà wí. "Bí a ṣe ń ṣe é níbí ni o. Ẹni tó bá fẹ̀yìn balẹ̀ lónìí, ilé ló ń lọ."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ṣe ìdánwò tirẹ̀ lánàá, lórí ìwé, kò sì pàdánù máàkì kan. Níléeṣẹ́ tó ti wá, bí ọ̀gá bá ṣe àṣìṣe, ọwọ́ ni igbá-kejì fi ń tún un ṣe. Wọn kì í dójú ti àgbà. Òfin tibí ni pé ẹni tó bá rí àṣìṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ́ jáde. Ó ti há a sórí, tòun ti kọ́mà.

Ohùn kan nínú ẹ̀rọ ní kí wọ́n gòkè dé ẹsẹ̀ ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Bàbá yí bọ́tìnnì sí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, ó sì wo ẹnu igbá-kejì rẹ̀. Ìyẹn rọra yí i padà sí márùn-ún.

"Ojú yìí ti ń ṣe bàìbàì, ọmọ mi."

"Kò sí wàhálà, sà. Iná ibí ló ṣókùnkùn."

Nígbà tí yìnyín dé, bàbá kò tan ẹ̀rọ tó ń yọ́ ọ kúrò lára ìyẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tan án bí ẹni ń lé eṣinṣin. Àánú bàbá ṣe é. Irú àgbà yìí, kó tún máa jókòó ìdánwò!

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n balẹ̀, táyà kò tíì jáde. Ọwọ́ bàbá wà lórí itan. Igbá-kejì fa ọ̀pá táyà wálẹ̀, ó sì húkọ́ lé e kí ìró rẹ̀ má baà hàn.

Wọ́n balẹ̀ jẹ́ẹ́. Bàbá ti gíláàsì rẹ̀ bọ àpò, ó sì ka òǹkà wínníwínní tó wà lókè orí wọn láìṣẹ́jú.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ẹ fojú àánú wo bàbá. Wọ́n ti dàgbà."

Ìyá olùdánwò na pépà náà síwájú: orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà nìkan ló wà lókè rẹ̀, àṣìṣe mẹ́ta tí bàbá gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ni wọ́n ti tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá igbá-kejì sọ ọ́ jáde, bàbá, tí kò lè wò ó lójú, gba bírò, ó sì kọ "Rárá."