Orí Akẹ́kọ̀ọ́ Yìí Le

Tíṣà ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ wá akẹ́kọ̀ọ́ kan fún un: ọmọbìnrin kan tó ní òun fẹ́ mọ ògidì Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ rẹ̀ àti àwọn ọ̀rọ̀ tó bá a dọ́gba. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń wá. Yóò fa àga sún mọ́ Tíṣà, yóò ṣí ìwé, yóò sì tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀.

Àmọ́ nǹkan kan kì í wọ ọmọ náà lórí. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn náà ni yóò tún gbé wá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni 'obstinate'?"

"Ṣé a ò ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹta ni? Olórí kunkun. Ẹni tí wọ́n ní kó má lọ, tó sì lọ."

"Ọ̀rọ̀ wo ló tún jọ ọ́, sà?"

Tíṣà wo àjà. Ọmọ náà kò kánjú.

"'Stubborn'," Tíṣà sọ nígbẹ̀yìn. "'Adamant'. Àti... àti 'headstrong'."

Ọmọ náà fa igi kan sínú ìwé.

"O ò kọ ọ́ sílẹ̀, o ò sì há a sórí. Báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ má bínú, sà. 'Loquacious' ńkọ́?"

"Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́." Tíṣà fi àgbọ̀n júwe ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Wò ó níbẹ̀ yẹn."

"Mo gbọ́ o, bàbá àwọn ọmọ. Ẹni tó ń jẹ oúnjẹ mi tó tún ń bú mi, kí ni wọ́n ń pè é?"

"Wọn ò tíì kọ ìyẹn sínú ìwé." Ó kọjú sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. "'Talkative', 'garrulous', 'chatty'."

Ó tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn láìmí. Ìyàwó rẹ̀ yíjú sẹ́yìn, ó fi etí aṣọ nu ojú.

Nígbà tí ọmọ náà dìde, Tíṣà ní, "N ò ní tàn ọ́, orí ẹ le. Ṣùgbọ́n máa bọ̀. N ò tíì kọ́ ẹnìkan kí n pa á tì."

"Ẹ ṣé, sà."

Lẹ́nu géètì, ọmọbìnrin náà ṣí ìwé han ìyàwó Tíṣà. "Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé dókítà ni mí, mà, kí wọ́n má baà lé èmi náà bí wọ́n ṣe lé àwọn dókítà tó kọ́kọ́ wá. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni wọ́n gbà lónìí, bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí rọpárọsẹ̀ gbé wọn dé ọsibítù wa, orúkọ yín gan-an, wọn ò lè pè é."