Òwú Méjì àti Lọ́fínńdà

Fóònù mánéjà tún ń gbọ̀n nínú dúrọ́ọ̀, ṣùgbọ́n obìnrin tó ni ín wo kámẹ́rà òkè, ó sì ń nulẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀gá ti ní mánéjà kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fóònù kí aago mẹ́rin tó lù. Òun nìkan ló ń tajà, tó tún ń nulẹ̀ súpámákẹ́ẹ̀tì ọjà pọ́ọ́kú yìí ní Ìyànà-Ìbá.

Àfáà kan sáré wọlé. "Ẹ bá mi mú òwú méjì, ọṣẹ àti lọ́fínńdà."

"Ṣé ẹ fẹ́ wẹ òkú ni?"

"Bàbá kan ló kú ní Ìbá láàárọ̀ yìí. A máa sin wọ́n kí wọ́n tó pe ìrun alásàrì. Wọ́n ní ọmọ wọn kan ṣoṣo ò gbé fóònù."

"Irú ọmọ wo nìyẹn!" Mánéjà ṣa lọ́fínńdà tó dára jù fún un. "Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere."

Nígbà tí aago mẹ́rin lù, ó ṣí dúrọ́ọ̀. Ìyá rẹ̀ ti pè é nígbà mẹ́rìndínlógún láti ilé wọn ní Ìbá.

Lóde, wọ́n ti ń pe ìrun alásàrì.