Ọ̀gá Omi Tó Gbé Ọwọ́ Fáàfù Pamọ́

Ọkùnrin kan wà tí kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni, àìfọkàntánni yìí náà ló sì pa á lẹ́kún. Òun ni ọ̀gá ibùdó omi orí òkè, níbi tí táńkì ńlá kan ti ń fi omi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé tó wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá gbé tíì fún un, ojú ẹni tó gbé e wá ló máa kọ́kọ́ wò kó tó mu ún. Bí ẹni méjì bá rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn. "Ìfura loògùn àgbà," ló máa ń wí. Bó bá ti kọjá tán, Oògùn Àgbà làwọn òṣìṣẹ́ ń pè é.

Ilẹ̀ a máa mì díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Abọ́ á mì lórí tábìlì, ajá á gbó, kálukú á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà kan tó mì, obìnrin onípáìpù ibùdó náà rí i pé omi ń jò tó-tó-tó níbi tí páìpù ńlá ti jáde lára táńkì. Ó lọ bá ọ̀gá ní ọ́fíìsì.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, páìpù yẹn le jù. Bí ilẹ̀ bá mì gidi, táńkì á lọ síbí, páìpù á lọ sọ́hùn-ún, ó máa ṣẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká fi rọ́bà tó lè nà, tó lè tẹ̀, so ọrùn rẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó."

"Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà. Páìpù ló ń jò."

"Rọ́bà! Kẹ́ ẹ lè máa fi ọ̀bẹ gé e, kẹ́ ẹ máa fa omi tà lẹ́yìn mi, àbí?"

Obìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó wo ojú ọ̀gá, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ọ̀gá ti ń ṣọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Lọ́jọ́ kan, ó rí obìnrin náà àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n tẹ̀ ba nídìí fáàfù, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ń yí ọwọ́ rẹ̀ láti ti omi. Obìnrin náà ń kọ́ ẹ̀ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń tì í, bó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹ̀ṣọ́ nìkan ló wà nítòsí. Ohun tí ọ̀gá rí yàtọ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n! Wọ́n fẹ́ ti omi mọ́ ìlú, kí ìlú lè lé mi kúrò. Àjà ò fura, àjà jìn."

Nígbà tí gbogbo wọn ti lọ sílé, ó tú ọwọ́ fáàfù kúrò, ó fi aṣọ ìnura wé e, ó gbé e lọ sábẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó sì fi àgádágodo lé àgádágodo lórí ilẹ̀kùn.

"Ọ̀gá, ọwọ́ fáàfù dà?" ni obìnrin náà béèrè lọ́jọ́ kejì.

"Ó wà níbi tó wà."

"Bí páìpù bá bẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ ó wá mi wá."

Ẹ̀gbọ́n ọ̀gá obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà, ló ni ilé búrẹ́dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọ̀gá. Òun náà gbọ́. "Àbúrò mi, iná ni mò ń dá láti àárọ̀ dalẹ́. Omi òkè yẹn ni mo gbójú lé. Dá irin oníirin padà síbi tó o ti mú un."

"Ẹ̀yin náà? Wọ́n ti rí yín bá sọ̀rọ̀ nìyẹn?"

Bó ṣe jẹ́ pé kò jẹ búrẹ́dì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, onígbàjámọ̀ ti fá orí ọ̀gá dé ìdajì nígbà tí ilẹ̀ mì. Kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀. Dígí fọ́, ògiri la, eruku bo ojú ọ̀run. Lórí òkè, páìpù ṣẹ́ lọ́rùn, omi sì ń ya bọ̀ lójú títì. Onípáìpù àti ẹ̀ṣọ́ sáré dé ìdí fáàfù. Kò sóhun tó ṣe fáàfù. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò sí. Wọ́n fi sípánà ńlá dì í mú, ó yọ̀, ó sì gé obìnrin náà lọ́wọ́. Nísàlẹ̀, ààrò búrẹ́dì ti wó, iná sì ti ràn mọ́ àpò ìyẹ̀fun.

Ọ̀gá sá lọ sílé. Ó ṣí àgádágodo tán, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó mì ti mú kí férémù ilẹ̀kùn wọ́. Kò ṣí. Ó fi èjìká gbá a, ó gbá a. Àwọn tó ń kọjá rí ọkùnrin kan tó fá orí apá kan, tí eruku bo ojú rẹ̀, tó ń já ilẹ̀kùn.

"Olè! Ilẹ̀ ò tí ì dákẹ́, o ti ń jalè?"

"Ilé mi ni!"

"Gbogbo olè ló ń wí bẹ́ẹ̀!" Wọ́n dì í mú ṣinṣin.

Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jáde látinú èéfín, tó pariwo pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, àbúrò mi ni!", ẹ̀pa kò bóró mọ́. Wọ́n já ilẹ̀kùn, wọ́n gbé irin náà dé òkè, kò sí omi tí wọ́n máa tì mọ́. Àwọn panápaná tú rọ́bà wọn, afẹ́fẹ́ lásán ló fẹ́ jáde. Ilé búrẹ́dì jóná, iná sì mú ilé ọ̀gá mọ́ ọn.

Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ibùdó mìíràn tó gbà á, nítorí kò sẹ́ni tó lè fọkàn tán an mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá a jà. Ó kàn dúró lórí eérú ilé búrẹ́dì rẹ̀, ó bi í pé, "Nínú gbogbo wa, ta lo rò pé ó fẹ́ ṣe ẹ́ níbi?"

Ẹ jẹ́ ká fi èyí kọ́gbọ́n. Ìfura dára, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ń mì ló yẹ kí ọkùnrin yìí fura sí, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ tún páìpù ṣe. Omi, iná mànàmáná àti afárá, ti gbogbo wa ni. Ohun tó ń dáàbò bò wọ́n kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ ibùsùn ẹnì kan. Ká so ohun tó lè ṣubú, ká fi èyí tó ń tẹ̀ rọ́pò èyí tó ń ṣẹ́, ká sì kọ́ ẹni tó bá wà nítòsí bí wọ́n ṣe ń ti omi. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.