Igi Tẹ́ńpìlì Tí Yasuji Gé Kí Okùn Kejì Tó Dé

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìlà méjì péré kí ẹ tó fi nǹkan ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tán. Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò lè fara balẹ̀ ni.

1.
Yasuji ni wọ́n ń pè é, agégi ni ní àwọn òkè Hida, nílẹ̀ Japan. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbọ́. Orí ìrìn ló ti ń jẹun. Tí ó bá jókòó sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, tí wọ́n gẹ apá kan orí rẹ̀ tán, á dìde lọ wò bóyá òjò fẹ́ rọ̀.

Lọ́dún yẹn ó ra ẹ̀rọ ìgégi tuntun. Irin rẹ̀ gùn ju ẹsẹ̀ àgbàlagbà lọ. Bí ó bá tan ẹ̀rọ náà, adìẹ abúlé kejì kò ní yé ẹyin lọ́jọ́ náà. Àràárọ̀ ló ń fi aṣọ nù ún. Fumie, ìyàwó rẹ̀ tó bí Misao fún un, ní òun ò rántí ìgbà tí ọkọ òun wo ojú òun tó bẹ́ẹ̀.

2.
Igi keyaki kan wà lẹ́yìn tẹ́ńpìlì abúlé wọn. Ọkùnrin márùn-ún ló ń so ọwọ́ pọ̀ kí wọ́n tó lè yí i ká. Nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn ni àwọn baba ńlá wọn gbìn ín, wọ́n ní lọ́jọ́ tí òpó àárín tẹ́ńpìlì bá jẹrà, òpó mìíràn rèé. Òpó náà sì jẹrà lóòótọ́. Igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ti òrùlé dúró, gbogbo ìgbà tí yìnyín bá sì bọ́ lé e, àlùfáà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kíákíá kí ó lè tètè jáde.

Kò sí irú igi yẹn mọ́ ní gbogbo òkè náà. Tatsugo, ọ̀gá káfíńtà tí wọ́n pè láti ìlú, wọn igi náà, ó sì tẹrí ba fún un.

"Odindi ni mo fẹ́ ẹ o," ó ní. "Bí ó bá là, kò sí ohun tí mo lè ṣe."

Bẹ́ẹ̀ ni keyaki sì fẹ́ràn àtilà. Bí ó bá tẹ̀ sí apá kan, tí ẹ wá ń gé e láti ẹ̀yìn, ó lè má wó. Ó lè ya láti ìdí lọ sókè. Ìdí nìyẹn tí àwọn agégi Hida fi máa ń fi okùn irin di ara rẹ̀ nígbà mẹ́ta, dan-in dan-in, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀.

3.
Lọ́jọ́ gígé, àwọn obìnrin da ọtí ìrẹsì àti iyọ̀ sí ìdí igi. Yasuji gé ẹnu sí i níwájú, níbi tí wọ́n fẹ́ kí ó wó sí. Bàbá Kihei, tó kọ́ ọ níṣẹ́, fa okùn yí i ká. Okùn náà yí i lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Igi ti sanra ju ohun tí wọ́n rò lọ.

"Mò ń lọ mú okùn kejì wá nílé," ni Bàbá Kihei wí. "Yasuji."

"Ẹ̀n, Bàbá."

"Má fọwọ́ kan ẹ̀yìn igi yìí."

"Èmi kẹ̀? Bàbá, ṣé ọmọdé ni mí ni?"

"Rárá. Ọmọdé máa ń gbọ́ràn."

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni Bàbá Kihei, ó sì ń rìn bí ẹni tó ń ka òkúta ojú ọ̀nà. Yasuji jókòó. Ó dìde. Ó yí igi ká. Ó wo ojú ọ̀run, ó ṣú. Ó wo ọ̀gá káfíńtà, ó rí i tó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Kì í ṣe aago ni ọ̀gá náà ń wò, kòkòrò ló jẹ ẹ́ lọ́rùn ọwọ́.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ni Yasuji wí. "Ara Bàbá ti ń di ara àgbà."

"Mi ò bínú. Igi yẹn náà ò kánjú."

Yasuji tún jókòó, ó tún dìde. Ó wá rò ó lọ́kàn ara rẹ̀: okùn wà fún ayé àtijọ́, nígbà tí ayùn ń falẹ̀, tí igi ń ráyè ronú àtilà. Ẹ̀rọ tòun yìí á ti gé e já kí igi tó mọ̀. Ó fa okùn ẹ̀rọ, ẹ̀rọ dáhùn.

"Yasuji! Okùn ńkọ́?" Ọ̀gá káfíńtà ń pariwo. Ẹ̀rọ gbé ohùn rẹ̀ mì.

4.
Kò tíì gé e dé ìdajì tí igi náà fi ké. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn ń fa aṣọ tuntun ya, aṣọ tó nípọn bí ilé. Ó ya láti ìdí lọ sókè, títí ó fi ga kọjá òrùlé tẹ́ńpìlì. Apá ẹ̀yìn ta padà bí ìbaaka, ó ju ẹ̀rọ náà sínú oko radíṣì, ó sì bá ẹsẹ̀ ọ̀tún Yasuji pàdé. Lẹ́yìn náà ni igi tó wó.

Bàbá Kihei gun òkè dé pẹ̀lú okùn irin léjìká. Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó tú bẹ́líìtì tirẹ̀, ó fi di itan Yasuji.

"Bàbá, òpó ńkọ́?"

"Dákẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ."

"Bàbá, ẹ sọ fún mi. Òpó ńkọ́?"

Bàbá Kihei wo ọ̀gá káfíńtà. Ọ̀gá káfíńtà ká téèpù rẹ̀ sínú àpò.

"Kò sí òpó mọ́," ni ó wí.

5.
Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ní orúnkún. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ṣe òpó tẹ́ńpìlì, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ igi. Àwọn àgbà tó máa ń fara ti òpó àtijọ́ fara ti ti tuntun lẹ́ẹ̀kan, ó tutù, wọn ò tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àwọn ará abúlé kì í fi nǹkan ṣòfò. Wọ́n fi igi tó ya náà gbẹ́ àwo pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ń gbé tíì fún àlejò, ilé kọ̀ọ̀kan gba ọ̀kan. Ilé yòówù kí Yasuji fi ọ̀pá rìn dé, orí àwo yẹn ni wọ́n ń gbé tíì rẹ̀ wá. Wọn kì í dárúkọ igi náà. Wọ́n á ní, "Ẹ mu ún, Bàbá Misao, ó ti ń tutù." Yasuji á gbé ife, á sì rí bí ara igi náà ṣe dára tó.

Ẹ̀yin ará, ìdajì wákàtí ni Bàbá Kihei fi lọ tó fi bọ̀. Tí wọ́n bá ní kí ẹ dúró de okùn, ẹ dúró. Bí ẹ̀rọ yín ti lágbára tó, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra tó, nítorí ẹ̀rọ tó lè parí iṣẹ́ ọjọ́ méjì ní wákàtí kan lè ba ti irinwó ọdún jẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ti gbin keyaki mìíràn sẹ́yìn tẹ́ńpìlì. Ó ga dé orúnkún báyìí.