Àlejò Tó Fẹ́ Dé Ẹnu Òkè

Láti ìgbà tí Evandro ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sára pátákó, tó sì gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ni àlejò ti ń wá. Ó gbà pé òkìkí òun ló ń kó wọn wá sí Chã. Àwọn mìíràn náà ń mú èèyàn gun òkè oníná lábúlé yẹn, pátákó wọn sì tóbi ju tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n iwájú ilé Evandro ni ọkọ̀ sábà máa ń já àlejò sí.

Ohun kan ló ń bí i nínú. Ìyá rẹ̀, Nha Domingas, a máa gbé wàràkàṣì ewúrẹ́ lọ tà nílùú São Filipe, kì í sì í mọ ìgbà tó yẹ kóun dé. Bí àlejò bá ti ń jókòó ni ìyá náà á yọ láti ẹ̀yìnkùlé, láìwọ bàtà, eérú òkè dé orúnkún. Nígbà mìíràn, agbọ̀n tó gbé lọ ló tún gbé bọ̀, tòun ti wàràkàṣì inú rẹ̀.

"Ṣé ẹ rí nǹkan tà ṣá?"

"Ọjà ò burú," ni ìyá máa ń wí.

Nígbà tí Evandro ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àlejò kan ya àwòrán gìgísẹ̀ ìyá yìí tó ti sán, ó fi han ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Evandro bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé bí àlejò bá ti wà nílé, kó kúkú máa ṣe bí obìnrin tó ń bá òun gbọ́únjẹ.

"Kò burú, ọmọ mi."

Láti ọjọ́ yẹn, "Ọ̀gá" ló ń pè é níwájú àlejò.

Dona Graciete dé lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀, láti ilẹ̀ Potogí ló ti wá.

"Èmi ti fẹ̀yìn tì," ló wí bó ṣe ń jókòó, "kí orúnkún mi náà tó fẹ̀yìn tì ni mo fẹ́ dé ẹnu òkè yẹn."

Evandro rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka fa ọ̀nà náà sórí tábìlì. "Ìdájí la máa gbéra, kí oòrùn má bàa ká wa mọ́ ojú òkè. Ẹ wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Tá a bá dé etí kòtò, èéfín imí ọjọ́ á máa rú, ẹ fi aṣọ bo imú. Inú eérú la máa gbà sọ̀ kalẹ̀, ṣe la máa sáré bí ọmọdé!"

"Ta ló fọ̀nà yìí hàn ọ́?"

Ìyá rẹ̀ ni, nígbà tí wọ́n jọ ń wá ewúrẹ́ tó sọnù kiri.

"Èmi fúnra mi ni mo wá a rí," ni Evandro wí.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dún. Nha Domingas wọlé tòun ti agbọ̀n rẹ̀. Dona Graciete dìde dúró.

"Ẹ kú ìrìn o, mà."

"Ẹ ṣé o. Ẹ káàbọ̀." Ìyá ò gbójú sókè. "Ọ̀gá, ṣé kí n gbé katxupa tí mo sè wá?"

"Gbé e wá."

Dona Graciete wò ó títí ó fi wọ ilé ìdáná. "Ta ni ìyá yẹn?"

"Ó ń bá wa gbọ́únjẹ ni."

"Ìyá tìrẹ gan-an ńkọ́?"

Kò sẹ́ni tó bi Evandro bẹ́ẹ̀ rí. "Ó ti kú," ló wí. "Nígbà tí òkè bú gbàmù, tí iná bo ilé wa."

Ìró abọ́ dákẹ́ nílé ìdáná. Nígbà tó yá, Nha Domingas gbé oúnjẹ jáde, ó gbé ti àlejò síwájú àlejò, ó gbé ti ọmọ rẹ̀ síwájú ọmọ rẹ̀.

"Kí Ọlọ́run fún un nísinmi," ló wí, ó sì fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú sáyà.

Evandro ò lè gbé ṣíbí.

"Ẹ ò ní bá wa lọ lọ́la, mà?" ni Dona Graciete bi ìyá.

"Àgbà ti dé sí i," ni Evandro yára dáhùn. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́."

"Òótọ́ ni Ọ̀gá sọ," ni ìyá wí. "Kò sẹ́ni tó mọ òkè yìí tó Ọ̀gá. Ẹ ṣáà máa tẹ ibi tó bá tẹ̀."

Nígbà tí Evandro jí ní ìdájí, ìyá ti di búrẹ́dì àti wàràkàṣì sínú aṣọ fún wọn. Kò rí ojú wò ó. Ní gbogbo bí wọ́n ṣe ń gòkè, kò dá ọ̀kan nínú àpárá tó máa ń dá fún àlejò. Ó pa ìyá rẹ̀ níṣojú ìyá rẹ̀, ìyá sì ṣàdúrà fún òkú. Ọ̀rọ̀ náà ń bá a lọ láti òkúta dé òkúta.

Wọ́n dé ẹnu òkè. Èéfín ń rú láti ìsàlẹ̀ kòtò. Dona Graciete jókòó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó tú oúnjẹ, ó sì bù ú fún Evandro. Evandro ò gbà á.

"Mà, mo purọ́ fún yín lánàá. Ìyá mi ò kú." Ó nawọ́ sí abúlé nísàlẹ̀. "Ìyá tó gbé oúnjẹ fún wa yẹn ni."

"Mo mọ̀."

Evandro gbójú sókè. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ìyá rẹ fúnra rẹ̀ ni," ni Dona Graciete wí, "ibùdókọ̀ São Filipe ló ń jókòó sí, tó ń bẹ gbogbo àjèjì tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ pé ọ̀dọ̀ Evandro ọmọ òun ni kí wọ́n wá, tá a bá sì gbà, òun náà á wọkọ̀ pẹ̀lú wa, á sọ̀ kalẹ̀ ní kọ́nà kó má bàa bá wa débẹ̀, á tún wá bẹ̀ wá pé tá a bá rí òun nílé, ká ṣe bí ẹni tí kò mọ òun rí, kí ojú má bàa ti ọmọ òun."