Péálì Lórí Eyín

"Ẹ fi ha eyín yín wò, mà," ni ọlọ́jà sọ. "Ojúlówó péálì máa ń ṣe háráhárá bí iyanrìn. Ayédèrú ló máa ń yọ̀ bọ̀rọ́."

Ìyàwó fi ẹ̀gbà ọrùn péálì tuntun tí ọlọ́jà nà sí i ha eyín. Ó tún gbé èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀ sẹ́nu, èyí tí ọkọ rẹ̀ fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Ọkọ tó ti ń yan ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí bí ọba látàárọ̀ wá ń wo àjà.

"Olówó orí mi, ọ̀gbẹ́ni yìí fẹ́ rẹ́ wa jẹ o! Tiẹ̀ ló ń ha mí léyín. Èyí tẹ́ ẹ rà fún mi ń yọ̀ bí ọṣẹ. Àbí ẹ̀yin lè fún mi ní ayédèrú ni?"

Ọlọ́jà wo ọkọ. Òógùn ti bò ó.

"Bóyá èmi ni mo sọ ọ́ sódì, mà," ni ọlọ́jà fi àánú sọ.

"Kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe!" ni ọkọ dáhùn kíá, ó mí kanlẹ̀.

Ìyàwó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó bọ́ ti ọrùn rẹ̀, ó sì rọra kì í sápò ọkọ rẹ̀.

"Ọlọ́jà, ẹ bá mi di méjì. Ọ̀kan fún ọjọ́ ìbí, ọ̀kan fún ìgbéyàwó."