Kẹ̀kẹ́ Anìkànsáré Tí Nùréènì Gbé Wọ Àárín Ẹgbẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ó dùn mí láti kọ ọ́.

1.
Iléeṣẹ́ bisikíìtì kan n'Ìkẹjà ni Nùréènì ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Abdulkabir, télọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà l'Ágége. Abdulkabir ló kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́ ológere. Láràárọ̀ Sátidé, èèyàn bíi mẹ́wàá á kóra jọ, wọ́n á gba inú GRA kọjá kí ọkọ̀ tó pọ̀. Wọ́n á tò tẹ̀léra, táyà á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà, kí atẹ́gùn má bàa dà wọ́n láàmú. Ẹni ẹ̀yìn kì í rí ilẹ̀. Ẹni iwájú ló ń fọwọ́ tọ́ka sí kòtò fún un. Kò sẹ́ni tó kọ òfin yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń rú u.

2.
Ó ti sú Nùréènì kó máa gun irú kẹ̀kẹ́ tí gbogbo ayé ń gùn. Ló bá lọ ra tòkunbọ̀ kan, irú èyí tí àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n tún ń fẹsẹ̀ sáré nínú ìdíje kan ṣoṣo ń lò. Ó gbé e lọ fún Reuben, atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan n'Ífàkọ̀.

"Bọ̀dá Nùréènì, ẹ wò ó dáadáa," ni Reuben wí. "Kẹ̀kẹ́ yín àtijọ́, bíréèkì àti jíà wà lójú kan náà, lábẹ́ ìka yín. Ti eléyìí ò rí bẹ́ẹ̀. Ìjókòó ẹ̀ sún síwájú, ẹ máa dojú bolẹ̀, ìgúnpá yín á wà lórí irin méjì yìí. Jíà wà lẹ́nu irin. Bíréèkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́hùn-ún, ọwọ́ yín ò lè tó o àfi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ dìde."

"Ṣé ó yá ju tàtijọ́ lọ?"

"Ó yá gan-an, tẹ́ ẹ bá dá wà lójú títì tó gún. Ẹ má gbé e wọ àárín èrò o, ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín."

"Ó yá" nìkan ni Nùréènì gbọ́.

3.
Ní Sátidé, gbogbo wọn ń fọwọ́ pa kẹ̀kẹ́ náà lára. Orí Nùréènì wú.

"Irú eléyìí, ẹ̀yìn pátápátá ló yẹ kó o wà," ni Abdulkabir wí.

"Ṣé o ti ń jowú ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Abdulkabir náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa, máa lọ níwájú. Mo ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ."

Nùréènì dojú bolẹ̀, ó ń fò lọ. Lẹ́ẹ̀kan, ó gbìyànjú láti yọ ọwọ́ kan tọ́ka sí kòtò, kẹ̀kẹ́ gbọ̀n rìrì, ó yára dá a padà. Ìtìjú mú un. Kò sì rọra, kò sì kúrò níwájú.

Ìgbà tí wọ́n fi máa yà ní kọ́nà kan, ó rí gọ́tà tí wọ́n ti jí ìdérí rẹ̀ lọ. Bíréèkì jìnnà. Tó bá tọ́ka, kẹ̀kẹ́ á tún gbọ̀n, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yà fún un, ó kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀ ló ti gbọ́ irin tó fọ́, àti ariwo kan ṣoṣo.

4.
Abdulkabir ló já sínú gọ́tà náà, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sì kán. Dókítà ní ẹsẹ̀ méjèèjì ò ní ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé. Télọ̀ tó ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ láti kékeré!

Nùréènì ń lọ kí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Abdulkabir kì í bú u. Hàmdálàt, ìyàwó rẹ̀, ló sìn ín jáde lọ́jọ́ kan, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bọ̀dá Nùréènì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mọ́."

"Hàmdálàt, mo bẹ̀ ẹ́, jẹ́ kí n máa ràn yín lọ́wọ́."

"Gbogbo ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti wá, ọkọ mi kì í lè jẹun."

Kò lọ mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní kẹ́ ẹ má ra ohun tó yá. Tí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá sọ ibi tí ohun kan ò gbọ́dọ̀ dé, ẹ má gbé e débẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ti rí i pé apá yín ò ká a, ẹ kúrò níwájú, kódà tójú bá tì yín. Ìtìjú ọjọ́ yẹn á tán lọ́jọ́ kejì. Ti Nùréènì ò ní tán, Abdulkabir ò sì ní dìde.